Ọkàn Tí Kò Ní Ètò Ìlù: Àkọsílẹ̀ Aláìsàn Kan ní Abẹ́òkúta, Lójú Ìṣègùn Òyìnbó àti ti Ṣáínà

Ìyá aláàdìrẹ kan, ẹni ọdún 54, tí ìsọ̀ wọn wà ní ọjà Ìtòkú, wá sí ilé ìwòsàn wa pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu: "Dókítà, àyà mi ń já." Ó ti tó oṣù méjì tí ó ti ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbà kí n kọ ìtàn àìsàn náà sílẹ̀, mo sì ti yí àwọn ohun tí ènìyàn lè fi dá wọn mọ̀ padà, ṣùgbọ́n bí àìsàn náà ṣe rìn, àti àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe lórí rẹ̀, ni mo fi sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ẹni tí ó bá ń tọ́jú aláìsàn nílẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn kí ó tó mú kálámù. Àyà jíjá lè jẹ́ ẹ̀rù lásán, irú èyí tí ó ń bá ènìyàn nígbà tí fóònù bá dún lọ́gànjọ́ òru. Ó lè jẹ́ pé ọkàn ń lù kìkìkì, tí ó ń sáré, ṣùgbọ́n tí ìlù rẹ̀ ṣì tò. Ó sì lè jẹ́ pé ọkàn ń fo ìlù, tí ó ń dúró, tí ó tún ń já lu ara rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣi àtẹ̀gùn tẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni a sábà máa ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aláìsàn tí a kò bá sì fara balẹ̀ bi léèrè lè gba oògùn ẹ̀rù fún àìsàn ọkàn, tàbí kí ó gba oògùn ọkàn fún ẹ̀rù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí aláìsàn fi ìka lu tábìlì bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Ìyá yìí na ìka méjì, wọ́n lù ú kíákíá lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dúró, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró pẹ́, wọ́n tún lù ú kíákíá lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wọ́n ní: "Ó dà bí onílù omele tí ó ti mutí yó. Kò sí ibi tí èèyàn lè bá a jó sí." N kò tíì gbọ́ àpèjúwe tí ó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ohun tí ẹ̀rọ padà fi hàn wá.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti lo oògùn ibà ẹ̀ẹ̀mejì láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rárá, wọ́n ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n sì ti fi obì sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan sọ fún wọn pé obì ló fà á. Ẹni náà kò ṣìnà pátápátá, nítorí pé kaféènì wà nínú obì bí ó ti wà nínú kọfí, ó sì lè mú ọkàn sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń jẹ obì fún ọgbọ̀n ọdún láìsí wàhálà, tí ó wá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìlù náà kò sì dín, obì ti bọ́ nínú ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tún fura sí ìkòkò aró, pàápàá sódà àti háídrósọ́fáìtì tí a fi ń po aró òde òní. Òórùn rẹ̀ máa ń ta ènìyàn lọ́fun, ó sì lè fa ikọ́, àmọ́ òru ni àyà ìyá yìí ń lù jù, nígbà tí wọ́n ti kúrò nídìí aró fún wákàtí mẹ́jọ.

Ẹni tí ó kọ ìwé náà jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tí ó lọ kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ní Nanjing, tí ó sì padà wálé láti máa fi abẹ́rẹ́ àti egbòogi tọ́jú àwọn ènìyàn. Orúnkún ni ìyá bá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ wọn, ó sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ orúnkún lè dúró ná. Ní ìlú tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọnú iṣẹ́ ìtọ́jú ní Aró láti àwọn ọdún 1950, ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ó wà níbẹ̀, kò yẹ kí ó ya dókítà kankan lẹ́nu pé oníṣègùn ọ̀nà mìíràn kọ̀wé sí i. Síbẹ̀ ó yà mí lẹ́nu, n kò sì fi gbogbo ọkàn mi ka ìwé náà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí: xīn jì, irú ti zhēng chōng, ahọ́n pupa, ṣóńṣó rẹ̀ pupa jù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdọ̀tí lórí rẹ̀, ìlù iṣan tín-ín-rín, ó yára, ó sì jẹ́ cù, yǐng, òùngbẹ, òógùn òru, àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná, àìsùn. Ó parí rẹ̀ sí pé yin ọkàn, ìyẹn apá tí ó tutù tí ó sì ń rin nínú ara, ti gbẹ, iná sì ń jó nínú. Lẹ́yìn náà ni ó wá kọ gbólóhùn tí ó mú mi dìde lórí àga: "Ìlù náà ń dúró láìní iye tí ó fi ń dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe ECG fún wọn kí n tó fún wọn ní egbòogi kankan." ECG ni àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ń ya iná mànàmáná ọkàn sórí bébà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ó wà lẹ́yìn àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, nítorí pé wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfọ̀ṣẹ. Xīn jì ni orúkọ tí ìṣègùn Ṣáínà fún àìsàn tí ènìyàn fi ń gbọ́ ìlù ọkàn ara rẹ̀, tí kò sì lè gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Wọ́n pín in sí méjì. Jīng jì ni èyí tí ìjayà bẹ̀rẹ̀, tí ó ń wá tí ó ń lọ, tí ara aláìsàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Zhēng chōng ni èyí tí kò dúró de ìjayà kankan, tí ó ń bá ènìyàn jókòó, tí ó ń bá ènìyàn dùbúlẹ̀, tí iṣẹ́ díẹ̀ sì ń mú le sí i. Òun ni wọ́n kà sí èyí tí ó jinlẹ̀. Ìpín tí èmi ń wá nípa lílu tábìlì, àwọn ti fi orúkọ méjì yà á sọ́tọ̀ láti ayébáyé.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fi ń wádìí: wíwò, gbígbọ́ pẹ̀lú gbígbóòórùn, bíbéèrè, àti fífọwọ́kàn. Nínú fífọwọ́kàn, ìka mẹ́ta ni wọ́n ń tò sórí iṣan ọrùn ọwọ́, wọ́n sì ń pe ibi mẹ́ta náà ní cùn, guān àti chǐ. Cùn ti ọwọ́ òsì ni wọ́n fún ọkàn. Wọn kò fi aago ka ìlù náà láyé àtijọ́. Mímí oníṣègùn fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n: bí iṣan aláìsàn bá lù lẹ́ẹ̀mẹrin sí márùn-ún láàárín ìgbà tí oníṣègùn fa èémí sínú tí ó sì mí síta, ara dọ́gba, bí ó bá ju márùn-ún lọ, shuò ni, ìyẹn ni pé ó ń yára. Oníṣègùn tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ sinmi. Wáng Shūhé to irú ìlù 24 sínú ìwé rẹ̀ Mài Jīng ní ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn ikú Olúwa wa, Lǐ Shízhēn sì sọ ọ́ di 27 nínú èyí tí ó kọ ní ọdún 1564. Mẹ́ta nínú wọn ni ó jẹ mọ́ ìlù tí ń dúró. Jié ń lọ pẹ̀lẹ́ tí ó sì ń dúró láìní iye. Dài ń dúró lẹ́yìn iye ìlù kan pàtó, tí ènìyàn lè fojú sọ́nà fún un. Cù ní tirẹ̀ ń sáré tí ó sì ń dúró láìní iye. Mo ní kí oníṣègùn náà tún èyí ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà, mo sì rí i pé ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ wa kọ́ wa láti bi iṣan: ṣé ó yára, ṣé ó tò, bí kò bá sì tò, ṣé àìtò rẹ̀ ní ìlànà?

Ibi tí ìka dé kò sí lọ́wọ́ mi láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ìka ní ààlà. Kò lè sọ bóyá iyàrá òkè ọkàn ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí ọ̀nà àbùjá iná mànàmáná tí wọ́n bí àwọn mìíràn mọ́ inú ọkàn wọn, èyí tí ó lè pa ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le. Ní ti ahọ́n, iyèméjì mi ṣì wà níbẹ̀. Ní ìlú tí obì àti orógbó pọ̀ tó báyìí, àwọ̀ ahọ́n lè jẹ́ ti ohun tí ènìyàn jẹ ní àárọ̀. Oníṣègùn náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti kọ́ láti máa ní kí àwọn aláìsàn òun má ṣe jẹ obì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun ní Nanjing.

Ọ̀rọ̀ yin ọkàn tí ó gbẹ náà kò ṣòro fún aláàdìrẹ láti lóye. Ìyá fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ fún mi bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ: omi inú ìkòkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, iná ìdí rẹ̀ kò sì dín kù, nítorí náà ni ìkòkò fi ń hó sókè tí ó ń dún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò padà wá bá a.

Nígbà tí ó kàn mí, ohun tí mo kọ́kọ́ wá ni ohun tí ó lè tètè pa wọ́n. Mo béèrè bóyá wọ́n ti dákú rí tàbí bóyá òòyì ń kọ́ wọn, bóyá àyà ń dùn wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù àdìrẹ lórí, bóyá ẹnìkan nínú ẹbí wọn ti ṣubú lulẹ̀ kú lójijì ní kékeré. Wọn kò dákú rí, àyà kò sì dùn wọ́n, ṣùgbọ́n èémí wọn ti ń kúrú lórí òkè tí wọ́n ti ń gùn láti ìgbà èwe. Wọn kò ní ikọ́ fée. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ti ní fún ọdún mẹ́fà, amlodipine ni wọ́n sì ń lò sí i. Mo bi wọ́n pé, "Oògùn wo ni ẹ tún ń lò, Mọ́mì?" Wọ́n ní kò sí mọ́, àfi ti ibà tí wọ́n ti lò tán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kọjá. Bí mo ṣe béèrè ìbéèrè yẹn kò dára, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ìfúnpá wọn jẹ́ 148/76, ara wọn kò gbóná. Mo ní kí nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ wọn mú kí ó máa ka ìlù, èmi sì gbọ́ ọkàn wọn láyà, a sì jọ kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì ka 104. Èmi ka 132. Ìlù 28 ni ọkàn lù tí kò dé ọwọ́, nítorí pé nígbà tí ìlù bá sún mọ́ra jù, iyàrá ìsàlẹ̀ kì í rí àyè kún kí ó tó fún ara rẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó sì tì jáde kì í tó ohun tí ìka lè mọ̀ lára. Àyẹ̀wò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì dùn mí pé a kì í sábà ṣe é mọ́. Ẹni tí ó bá ka ìlù fún ìṣẹ́jú àáyá 15 tí ó sì fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀ yóò kan ṣi í kà ni.

Lẹ́yìn náà ni a ṣe ECG. Bébà rẹ̀ ń rìn ní mílímítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó ti sábà máa ń rìn káàkiri ayé, Willem Einthoven tí ó ṣe irú ẹ̀rọ yìí sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1924. Lára bébà ọkàn tí ara rẹ̀ dá, òkè kékeré kan máa ń ṣáájú òkè ńlá kọ̀ọ̀kan. Òkè kékeré yẹn, tí a ń pè ní P, ni àmì pé iyàrá òkè ti fún ara rẹ̀. Nínú ti ìyá yìí, kò sí òkè kékeré kankan. Ìlà ìsàlẹ̀ kàn ń gbọ̀n bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àlàfo tí ó wà láàárín òkè ńlá kan sí èkejì kò sì bá ara wọn dọ́gba níbì kankan. Atrial fibrillation ni a ń pè é: iyàrá òkè ọkàn ń gbọ̀n dípò kí ó fún. Ìlù omele ọ̀mùtí nìyẹn, cù oníṣègùn náà sì nìyẹn. Ewu rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró nínú iyàrá tí ń gbọ̀n lè dì, kí ìdì náà bọ́ sínú iṣan lọ sí ọpọlọ, kí ó sì di rọpárọsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìyá ti ní tẹ́lẹ̀ sì fi kún ewu náà.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò: iye ẹ̀jẹ̀, pòtásíọ̀mù, kíndìnrín, ṣúgà, àti họ́mọ̀nù tairọ́ìdì, nítorí pé a máa ń ṣe é fún gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń gbọ̀n báyìí. Mo fún wọn ní propranolol láti dín eré ọkàn náà kù, a sì pinnu ọjọ́ tí wọn yóò padà wá. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ńlá wà lọ́rùn wọn, ìborùn sì wà lórí rẹ̀. N kò ní kí wọ́n bọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, èsì dé. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò dín púpọ̀, pòtásíọ̀mù àti kíndìnrín dára. TSH ni họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń rán ẹṣẹ́ tairọ́ìdì níṣẹ́, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí tairọ́ìdì bá ń ṣiṣẹ́ jù. Ti ìyá, tí ó yẹ kí ó wà láàárín 0.4 sí 4.0, kò tó 0.01. Họ́mọ̀nù T4, tí tairọ́ìdì fúnra rẹ̀ ń tú jáde, tí ó yẹ kí ó wà láàárín 12 sí 22, ti di 49. Ẹṣẹ́ tairọ́ìdì wọn ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ tí bíréèkì rẹ̀ ti já. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ wá ní ìtumọ̀ mìíràn lójú mi: òógùn òru, àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná, òùngbẹ, àìsùn, iná tí ó ń jó nígbà tí omi ti dín. Ohun tí ọ̀nà kan pè ní àìtó yin ni ọ̀nà kejì pè ní àpọ̀jù họ́mọ̀nù. Mo tún ìwé náà kà láti òkè, ojú mi sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti fò dá bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì rẹ̀. Mo pe oníṣègùn náà lórí fóònù, mo bi í pé kí ni yǐng.

Ó ní, "Gẹ̀gẹ̀ ni, dókítà."

Ó ti rí i. Wíwò ni ó ṣáájú nínú ọ̀nà mẹ́rin tiwọn, ó sì ti ní kí wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí wọ́n jókòó níwájú rẹ̀. Ohun tí mo ná owó ìyá lé lórí láti mọ̀ wà nínú ìwé tí ó ti wà lórí tábìlì mi láti ọjọ́ méjì. Òótọ́ ni pé ì bá ti kọ "gẹ̀gẹ̀" kí ó sì tán, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Òótọ́ sì ni pé èmi náà ì bá ti béèrè.

Nígbà tí ìyá padà wá, tí wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà, mo rí wíwú gẹ̀gẹ̀ tí ó ní kókó, apá ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ, ó sì ń gòkè nígbà tí wọ́n bá gbé omi mì. Láti ìgbà oyún àbíkẹ́yìn wọn ni ó ti wà níbẹ̀, bí ogún ọdún sẹ́yìn. Mo tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ẹ̀yìn ọwọ́ tí wọ́n nà jáde, bébà náà sì ń gbọ̀n. Mo gbé wọn lórí òṣùwọ̀n: 66 kìlógíráàmù, ẹni tí ó jẹ́ 74 nínú káàdì ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ní oúnjẹ ń wù wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú wọn kò yọ síta. Àwòrán ọrùn tí a ṣe lẹ́yìn náà fi kókó púpọ̀ hàn, ti ọkàn sì fi hàn pé fáàfù wọn dára, iyàrá òkè ti òsì nìkan ni ó fẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ tí ó ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ọdún, kí ló dé tí ó fi wá dìde ní ọdún yìí? Mo ní kí wọ́n kó ohunkóhun tí ó bá ń wọ ẹnu wọn tí kì í ṣe ti ọjà Ìtòkú tàbí ti Kútọ̀ sínú náílọ̀n kan kí wọ́n sì gbé e wá. Ohun tí ó jáde nínú náílọ̀n náà ni amlodipine, páálí oògùn ibà tí ó ṣófo, ìgò àgbo kan, ìgò oògùn oníhóró dúdú tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ orúkọ sí lára, àti ọ̀rá ewé gbígbẹ kan, dúdú, fífẹ̀, tí ó ní iyọ̀ lára. Ọmọ wọn tí ó ń ṣòwò ní Guangzhou ni ó fi méjèèjì ìkẹyìn ránṣẹ́. Ewé inú òkun ni ewé náà. Ẹnìkan níbẹ̀ sọ fún ọmọ náà pé ó dára fún gẹ̀gẹ̀, ìyá sì ń ṣà á sínú ọbẹ̀ bí ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, láti oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n tó. "Oògùn lẹ bi mí, dókítà. Ẹ kò bi mí lọ́bẹ̀."

Ẹni tí ó gba ọmọ náà nímọ̀ràn kò dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Gě Hóng, oníṣègùn Ṣáínà ti ọ̀rúndún kẹrin, ti kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ewé òkun sínú ọtí fún ẹni tí ó ní gẹ̀gẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àkókò yẹn nítorí pé àìtó áyódínì, èròjà tí tairọ́ìdì fi ń ṣe họ́mọ̀nù rẹ̀, ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀ àwọn ará orí òkè tí ó jìnnà sí òkun. Ọdún 1811 ni Bernard Courtois ti ilẹ̀ Faransé tó rí áyódínì gan-an, inú eérú ewé òkun ni ó sì ti rí i. Nínú ìwé Gě Hóng kan náà ni Tú Yōuyōu, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, ti rí ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ka sí bí a ṣe ń fún omi ewé qīnghāo fún ibà, iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2015, inú rẹ̀ sì ni oògùn ibà tí páálí rẹ̀ ṣófo nínú náílọ̀n ìyá ti ṣẹ̀ wá. Ohun méjì láti inú ìwé kan ṣoṣo pàdé nínú náílọ̀n kan ní Abẹ́òkúta. Oògùn ibà kò ṣe wọ́n ní nǹkan, ewé òkun ni ó fẹ́ gba ẹ̀mí wọn.

Àgbàlagbà kò nílò ju nǹkan bí 150 máíkrógíráàmù áyódínì lọ lóòjọ́, iyọ̀ tí a ń sè lójoojúmọ́ ní Nàìjíríà sì ti ní in nínú. Gíráàmù kan ṣoṣo nínú irú ewé òkun tí ó fẹ̀ yẹn lè ní ju 1,500 lọ. Ara tí ó dá lè dènà àpọ̀jù yìí, torí pé ẹṣẹ́ náà máa ń pa ara rẹ̀ dé fún ìgbà díẹ̀. Nínú gẹ̀gẹ̀ àtijọ́ tí ó ní kókó, àwọn kókó mìíràn ti dá dúró, wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kìkì áyódínì ni ó kù kí wọ́n rí. Bí wọ́n bá ti rí i, họ́mọ̀nù ni wọn yóò máa ṣe lọ́sàn-án lóru. Àwọn dókítà ti ń kọ nípa rẹ̀ láti ọ̀rúndún 19.

Èmi àti oníṣègùn náà jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn ECG, òun ti ń ro Hǎizǎo Yùhú Tāng fún gẹ̀gẹ̀ náà, àpòpọ̀ kan tí ó ti wà nínú ìwé láti ọdún 1617, tí ewé òkun sì jẹ́ olórí inú rẹ̀, nítorí pé adùn iyọ̀ máa ń rọ ohun tí ó le. Mo gbé èsì T4 síwájú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ní àwọn olùkọ́ òun náà ti ń kìlọ̀ pé gẹ̀gẹ̀ tí ó bá iná rìn kò gbọ́dọ̀ rí ewé òkun, ṣùgbọ́n pé ìka kò lè ka T4. Lórí ìgò oníhóró dúdú ni a ti jà díẹ̀. Tiān Wáng Bǔ Xīn Dān ni orúkọ rẹ̀, oògùn tí ó bá àìtó yin ọkàn mu gẹ́lẹ́, ó sì yá a lórí pé ọmọ náà ṣèèṣì ra ohun tí òun náà ì bá fún wọn. Èmi kọ̀. Dānshēn àti dāngguī wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára àwọn tí ó ń lo warfarin. Ẹni tí mo fẹ́ fún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, n kò ní jẹ́ kí ó gbé e mì. Yàtọ̀ sí èyí, ìlànà àtijọ́ máa ń fi zhūshā bo hóró rẹ̀, zhūshā sì ní mẹ́kúrì nínú, kò sì sí ohun tí ó lè fi dá mi lójú pé kò sí nínú ti inú ìgò yìí. Lórí èyí ó gbà fún mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ ọn.

Mo gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ láàyè. Ó ń gún wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní Nèiguān, tí ó wà ní ìwọ̀n ìbú ìka mẹ́ta sókè ọrùn ọwọ́ láàárín iṣan líle méjèèjì, àti ní Shénmén, tí ó wà lórí ìlà ọrùn ọwọ́ ní apá ọmọńdinrín. Ó ń gún un láìjinlẹ̀, ó sì ń tẹ ojú ibẹ̀ pẹ́ nítorí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èrò tèmi ni pé ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù fún Nèiguān ni dídín èébì kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, n kò sì retí pé kí ó tún ìlù ọkàn tò. Ṣùgbọ́n ìyá ń sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́, èmi kò sì ní oògùn oorun tí mo fẹ́ràn jù ú lọ fún wọn.

Ìtọ́jú yòókù kò ṣòro. Ewé òkun dúró lọ́jọ́ náà. Propranolol ń lọ ní 40 mg lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, carbimazole tí ó ń dín họ́mọ̀nù tairọ́ìdì kù ní 30 mg, rivaroxaban tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ní 20 mg pẹ̀lú oúnjẹ. Mo tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé bí ọ̀fun bá dùn wọ́n tàbí tí ibà bá mú wọn nígbà tí wọ́n ń lo carbimazole, kí wọ́n má ṣe ra oògùn ibà mọ́, kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé oògùn náà lè pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ run. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà T4 ti wá sí 24, ọkàn ń lù ní 86, ṣùgbọ́n kò tíì tò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, àwọn òkè kékeré ti padà sórí bébà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi iná gbá ọkàn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí fún ọ̀pọ̀ nígbà tí họ́mọ̀nù bá ti wálẹ̀. TSH ṣì lọ sílẹ̀ nígbà náà, torí pé òun ni ó máa ń pẹ́ jù kí ó tó jí.

Ní oṣù kẹfà ìtọ́jú, èmi àti oníṣègùn náà jọ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ka 76 lọ́wọ́, èmi náà ka 76 láyà. Oníṣègùn náà gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ òsì, ó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó sì kọ huǎn sínú ìwé tirẹ̀, ìyẹn ìlù tí kò kánjú. Ní ìgbà yìí ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá ti padà sí 71 kìlógíráàmù, wọ́n sì ti ń gun òkè wọn.

Gẹ̀gẹ̀ náà ṣì wà lọ́rùn. Oníṣẹ́ abẹ ti rí wọn, wọ́n ń ro ó, a kò sì tíì dá rivaroxaban dúró títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú. Nítorí pé àwọn àwòrán ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n máa ń fi oògùn oní-áyódínì púpọ̀ sínú iṣan kí wọ́n tó yà wọ́n, mo kọ ọ́ sórí káàdì kan pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún wọn ní irú rẹ̀ láìkọ́kọ́ pè mí. Ìyá kà á, wọ́n ní kí n fi ọbẹ̀ kún un. Mo fi kún un, wọ́n sì ká káàdì náà sínú pọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gba owó àdìrẹ.